Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Plywood àti Gíláàsì Kan Paludarium Ńlá Tí Kò Ní Jò

Ẹni tó bá ti kan paludarium rí, ìyẹn àpótí ńlá tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ewéko sì ń hù lókè, á mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kàn án tán. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ará ilé ló máa ń yà á ní fọ́tò. Ó máa ń tó oṣù mélòó kan kí igun bọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí omi máa sun jáde nídìí sikúrù, kí òórùn ẹlẹ́bu sì gba pálọ̀. Ẹni tó ni ín á ní gíláàsì ni kò lẹ̀ dáadáa. Á ra gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù mìíràn, á fi rẹ́ gbogbo igun, á sì tún jò.

Gíláàsì kọ́ ló ń jò níbẹ̀. Pákó ló mumi yó. Bí pákó bá ti mumi, á wú. Bó bá wú, á ya gọ́ọ̀mù kúrò lára gíláàsì, kò sì sí iye gọ́ọ̀mù tó lè dá a dúró. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ pákó di ohun tí omi kò lè wọ̀ kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ gíláàsì rárá, kí ẹ sì fi omi dán an wò lẹ́ẹ̀mejì kí ewé kan ṣoṣo tó wọnú rẹ̀. Àwa tá a wà ní Àgbádárìgì tún ní tiwa lọ́tọ̀: afẹ́fẹ́ etí òkun tó rin, tó sì ń gbé iyọ̀ bọ̀, kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára ike epoxy, ìyẹn ọ̀dà olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le lára pákó, rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ìwọ̀n àpótí náà

Èyí tá a fẹ́ kàn gùn ní 180 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 70, ó ga ní 120. Omi inú rẹ̀ kò ní jìn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìyẹn bíi 470 lítà kí òkúta tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ro pákó, gíláàsì, òkúta àti ilẹ̀ tútù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ lè sún mọ́ 700 kìlógíráàmù. Ìsàlẹ̀ ilé, lórí kọnkéré, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ṣé omi ò lè jìn jù bẹ́ẹ̀? Ó lè jìn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Bó bá jìn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, agbára tí omi fi ń ti gíláàsì iwájú sún mọ́ ìwúwo 120 kìlógíráàmù. Bí ẹ bá sọ 40 di 80, agbára náà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Gíláàsì tó lè gba ìyẹn dúró nípọn, ó wọ́n, kì í sì í sí nílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí gíga àpótí yín jẹ́ ti ewéko, kó má jẹ́ ti omi.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Plywood tó nípọn ní 18 mìlímítà, bọ́ọ̀dù 4, ẹsẹ̀ 4 sí ẹsẹ̀ 8.
- Gíláàsì 10 mìlímítà kan, 170 sí 48 sẹ̀ǹtímítà. Kí wọ́n bá yín lọ etí rẹ̀ kó má bàa ge yín lọ́wọ́.
- Gíláàsì 5 mìlímítà méjì fún ilẹ̀kùn òkè, pẹ̀lú ojú irin alumíníọ́mù tí àwọn tó ń ṣe ṣóògíláàsì máa ń lò.
- Epoxy, ike resin àti ike hardener, kìlò 6 lápapọ̀. Kó jẹ́ èyí tí wọn ò lú tínà mọ́.
- Aṣọ fáíbà tí wọ́n hun bí aṣọ, nǹkan bíi mítà 5 bó bá fẹ̀ ní mítà 1.
- Gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù, ike 6. Èyí tó ń rùn kíkan bíi fínígà ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń pa ẹlẹ́bu, ẹ dá a padà, nítorí oògùn tó ń pa ẹlẹ́bu lè pa ẹja.
- Sikúrù stainless tó gùn ní 50 mìlímítà, gọ́ọ̀mù pákó tí omi kì í tú, sáńpépà 80 àti 120.
- Òṣùwọ̀n onínọ́ńbà, ìbọ̀wọ́ ọlọ́rá, ìbòmú gidi, rólà kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa sọ nù lẹ́yìn iṣẹ́.
- Igi líle 2 by 4 àti 3 by 4 fún tábìlì. Àpá dára bí ẹ bá rí i.
- Pọ́ǹpù omi, iná LED, àti breaker tó máa ń já bí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára.

Ọjà Àgbálátà máa fún yín ní ike, róbà, nẹ́ẹ̀tì àti àgbọn tó wù yín. Fún plywood tó dára àti gíláàsì tó nípọn, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń dé Òrílé-Ìgànmú. Bí ẹ bá ń gbé gíláàsì bọ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, òró ni kí ẹ gbé e, kí ẹ fi fóòmù há a, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gíláàsì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ kì í gba kòtò kan kọjá láìsán, bí kò tiẹ̀ fọ́ lójú yín.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi fáíbà lè ní kí ẹ wá lo resin tiwọn, torí ó dín lówó. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Lórí pákó, kì í di nǹkan mú bí epoxy, òórùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó lọ tán. Ẹ má sì fi fáíbà tiwọn, èyí tó rí jágbajàgba tí wọn ò hun, sábẹ́ epoxy. Resin ti ọkọ̀ ló ń yọ́ ohun tó so fáíbà yẹn pọ̀. Epoxy kì í yọ́ ọ, á kàn le gan-an-ran, afẹ́fẹ́ á sì há sábẹ́ rẹ̀.

1. Ẹ yẹ bọ́ọ̀dù wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó gé igun kékeré kan fún yín láti ara irú bọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò, kí ẹ sè é fún wákàtí 2 bí ẹni ń se ẹ̀wà. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ti omi, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ wo etí rẹ̀ náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò láàárín àwọn ìpele, omi á gba ibẹ̀ rìn bí epoxy bá sán lọ́jọ́ kan.

Bọ́ọ̀dù pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán, tí àwọn káfíńtà fi ń gba kọnkéré ró, ṣeé lò. Ṣùgbọ́n awọ dídán ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí epoxy di pákó mú. Ẹ gbọ́dọ̀ fi sáńpépà 80 bó o títí ojú pákó gan-an á fi yọ. Ibi tí ọ̀lẹ ti máa ń mú èèyàn nìyí, ibẹ̀ náà sì ni epoxy ti máa ń ṣí bí èèpo bó bá yá. MDF àti bọ́ọ̀dù oníyẹ̀fun pákó ní tiwọn kò yẹ níbí rárá.

2. Tábìlì tó máa gbé e

Kó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kó ní ẹsẹ̀ 6, kí igi ìdábùú sì wà lórí rẹ̀ ní gbogbo 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi oògùn ikán pa tábìlì nìkan, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níta fún ọ̀sẹ̀ 2 kó tó wọlé. Oògùn náà kò gbọ́dọ̀ kan àpótí níbì kankan, ì báà ṣe ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má bàa máa fa omi tí wọ́n bá fi nu ilẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ yá róbà funfun tí bírìkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́lì, kí ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òdiwọ̀n kékeré tí káfíńtà ń gbé káàkiri kò tó fún ohun tó gùn báyìí. Kí géńdé mẹ́rin gun orí rẹ̀ kí wọ́n sì mì í síwá sẹ́yìn. Bó bá dún tàbí tó gbọ̀n, ẹ fi igi dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdágún.

3. Gígé àti kíkàn

Ẹ gbé bọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìlagi orí tábìlì. Ayùn ọwọ́ kì í gé 180 sẹ̀ǹtímítà kó tọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n máa gé nìyí:

Ìsàlẹ̀: 180 sí 70.
Ẹ̀yìn: 180 sí 118.
Ẹ̀gbẹ́ méjì: 66.4 sí 118 ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Iwájú: 180 sí 118.

Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn máa dúró lé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn.

Iwájú ló nílò sùúrù. Odindi bọ́ọ̀dù kan ni kí ẹ gé fèrèsé sí lára. Ẹ má fi ọ̀pá igi mẹ́rin so pọ̀ bíi férémù fọ́tò, torí oríkèé mẹ́rin tó wà lábẹ́ omi nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn á sì ṣí. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹ fi 8 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí ẹ gé fèrèsé omi tó ga ní 38 tó sì fẹ̀ ní 160, kí ẹ fi 8 mìíràn sílẹ̀ fún ìdábùú àárín, kí ẹ gé fèrèsé òkè tó ga ní 54, kí 10 tó kù wà lókè. Nínú pákó tí ẹ gé jáde, ẹ gé ọ̀pá tó fẹ̀ ní 8 kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdábùú àárín níta kó lè nípọn ní ìlọ́po méjì. Ìdábùú yìí ló máa gba orí gíláàsì mú, òun náà ni ojú irin ilẹ̀kùn máa jókòó lé.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù pákó rẹ́ gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé, kí ẹ kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò, kí ẹ tó fi sikúrù dè é ní gbogbo 15 sẹ̀ǹtímítà. Ìṣó kọ́ o. Ìṣó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí pákó bá ti ń gbóná tó ń tutù, ìṣó dúdú sì máa ń dípẹtà kíákíá nínú afẹ́fẹ́ tiwa yìí. Lókè pátápátá, ẹ fi ọ̀pá plywood tó fẹ̀ ní 10 dábùú láti iwájú dé ẹ̀yìn ní àárín.

Àyẹ̀wò: Kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ẹ ta téèpù láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ tún wọn igun méjì yòókù. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju mìlímítà 3 lọ, ẹ ti àpótí náà kó tọ́ báyìí. Lọ́la, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

4. Epoxy

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kánjú níbí bó ti wù kó rí.

Ẹ kọ́kọ́ po epoxy díẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun pákó kíkúnná títí á fi ki bí ìmọ̀. Ẹ fi dí gbogbo orí sikúrù, kí ẹ sì fi ṣe igun inú ní róbótó, kó má ṣe jẹ́ igun ṣọ̀nṣọ̀. Aṣọ fáíbà kì í tẹ̀ sí igun ṣọ̀nṣọ̀. Á dúró lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wà lábẹ́.

Ìwọ̀n resin sí hardener wà lára ike. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Bí hardener bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, kì í kàn pẹ́ gbẹ ni, kò ní gbẹ láéláé, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹ ó sì fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ wò ó bóyá ìwọ̀n tí wọ́n kọ jẹ́ ti ìwúwo tàbí ti kíkún inú ife, nítorí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ máa ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ ike, kí ẹ wá dà á sínú ike mìíràn kí ẹ tún rò ó.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, bíi gíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan. Epoxy máa ń mú ooru wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá po bọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú ooru Àgbádárìgì, kí ẹ tó yíjú padà, á ti máa rú èéfín, ike á yọ́, owó á sì ti lọ. Ẹ da èyí tí ẹ bá pò sínú àwo pẹlẹbẹ kó má bàa tètè gbóná.

Àkókò tí ẹ ń kùn ún ṣe pàtàkì. Pákó ní afẹ́fẹ́ nínú. Láàárọ̀, bí oòrùn bá ti ń mú, afẹ́fẹ́ yẹn á máa jáde, á sì máa ta ihò kéékèèké sínú epoxy tútù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 3 ọ̀sán, nígbà tí ooru bá ti ń rọlẹ̀, kí pákó máa fa epoxy wọlé dípò kó máa tì í jáde. Abẹ́ òrùlé ni o, kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́, ẹ fi rólà kùn gbogbo inú, títí dé etí fèrèsé àti orí ìdábùú. Etí tí wọ́n gé ló máa ń mumi jù lọ. Ẹ kùn ún títí kò fi ní mu mọ́. Ìpele kejì, ẹ tẹ́ aṣọ fáíbà sí ìsàlẹ̀ àti ara ògiri títí dé 50 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi epoxy tẹ̀ ẹ́ títí á fi mọ́ gaara. Ibi tó bá funfun, epoxy kò tíì wọ̀ ọ́. Ìpele kẹta àti ìkẹrin, ẹ kùn ún tinrin. Níta, ìpele 2 tó.

Nígbà wo ni ìpele kan máa tẹ̀ lé òmíràn? Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bó bá gba àmì èékánná ṣùgbọ́n tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, ó tó àkókò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a tó ti le, ẹ má kùn ún lórí bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tó rin bíi tiwa, ohun kan tó ń yọ̀ bí ọ̀rá máa ń jáde sójú epoxy. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Omi gbígbóná àti kànǹkàn ló ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sáńpépà 120 ha á. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lo sáńpépà kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, ńṣe lẹ̀ ń fi ọ̀rá náà pa gbogbo rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ara àwọn kan máa ń kọ epoxy lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ara náà kò sì ní gbà á mọ́. Eruku rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ha á burú ju òórùn rẹ̀ lọ.

5. Ìdánwò omi àkọ́kọ́

Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí epoxy le tán. Ẹ rántí pé a fi 8 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé omi: èyí ló jẹ́ kí àpótí lè gba omi dúró láìní gíláàsì. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ bu omi sínú rẹ̀ títí dé 6 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Àyẹ̀wò: Ìwé gbẹ. Igun ìta le bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́n omi kúrò, kò sí ibi tí àwọ̀ pákó ti ṣókùnkùn lábẹ́ epoxy. Ibi tó bá ṣókùnkùn ti mumi: ẹ ha á, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ máa ń fo ìpele yìí torí pé ìdánwò kejì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá jò nígbà tí gíláàsì ti wà níbẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá pákó ni tàbí gọ́ọ̀mù?

6. Gíláàsì

Kí èèyàn mẹ́rin bá yín dojú àpótí dé, kí iwájú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lórí fóòmù. Ẹ máa gba ẹ̀yìn fèrèsé ṣiṣẹ́ láti inú. Inú ni gíláàsì máa wà, kì í ṣe ìta, kí omi lè máa tì í mọ́ pákó. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sí ìta, ńṣe ni omi á máa tì í kúrò, gọ́ọ̀mù nìkan ló sì máa gbé gbogbo wàhálà náà.

Ẹ fi sáńpépà 80 ha sẹ̀ǹtímítà 5 yí fèrèsé ká títí dídán rẹ̀ á fi kú. Ẹ fi aṣọ funfun àti acetone nu ún, kí ẹ nu etí gíláàsì náà, nítorí àwọn tó ń gé e máa ń lo epo. Lẹ́yìn èyí, kí ìka má kàn án mọ́.

Sílíkọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ nípọn ní mìlímítà 3 láàárín gíláàsì àti pákó. Tinrin ló ń já. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fa sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ sórí ọ̀rá náílọ́nù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gé e ní kéékèèké tó ga ní mìlímítà 3, kí ẹ tò ó káàkiri fèrèsé. Òun ló máa gba gíláàsì dúró kó má bàa tẹ gbogbo gọ́ọ̀mù jáde. Ẹ wá fa ìlà sílíkọ́ọ̀nù méjì yí fèrèsé ká láìdúró, kó ga, kó má já níbì kankan. Bí ike kan bá fẹ́ tán, kí ẹnì kan ti gbé òmíràn lọ́wọ́, nítorí ojú rẹ̀ máa ń di láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọ̀rinrin yìí, tuntun kì í sì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti di.

Gíláàsì náà tó 20 kìlógíráàmù. Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí etí kan kọ́kọ́ kàn kí ìyókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí á fi kan àwọn tí ẹ tò. Ẹ fa ìlà kan sí igun inú yíká, kí ẹ fi ìka tí ẹ ki bọ omi ọṣẹ dán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà kejì ló ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Àyẹ̀wò: Láìgbé àpótí náà kúrò bó ṣe wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí gíláàsì yíká láti inú. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ máa ṣókùnkùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ há sí máa tàn. Kí ìlà ṣíṣókùnkùn tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ó kéré tán, yí fèrèsé ká láìjá.

Ẹ má gbé e dìde fún ọjọ́ méjì. Ẹ má bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, títí òórùn kíkan yẹn á fi lọ tán. Sílíkọ́ọ̀nù máa ń gbẹ láti ìta wọnú. Pé ojú rẹ̀ gbẹ kò sọ pé inú rẹ̀ gbẹ.

7. Ìdánwò omi kejì

Orí tábìlì rẹ̀ gan-an, níta, lórí kọnkéré. Ẹ bu omi dé 10 sẹ̀ǹtímítà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, 20 lọ́jọ́ kejì, 40 lọ́jọ́ kẹta. Ẹ na òwú tín-ín-rín láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì níwájú ìdábùú àárín: bó bá ti fi ju mìlímítà 3 lọ tó yọ síta, ẹ gbọ́n omi, kí ẹ fi igi líle kún ìdábùú náà.

Omi máa dín kù láìjò, torí oòrùn àti afẹ́fẹ́. Kí ẹ má bàa máa bá ara yín jiyàn, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fa ìlà sára méjèèjì. Bí ti àpótí bá ń lọ sílẹ̀ ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò níbì kan. Ọjọ́ 7 gbáko ni kó fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbọ́n ọn, kí ẹ fi omi tútù ṣan inú rẹ̀, kí ẹ gbé e wọlé.

8. Ilẹ̀, omi tó ń ṣàn, àti iná

Ilẹ̀ òkè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ yẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Á wúwo, á sì rà. Ẹ fi páìpù PVC ṣe ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́ ike oníhò lé e kó ga ju omi lọ díẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ike náà, kí ẹ wá da ilẹ̀ lé e. Abẹ́ rẹ̀ á wá di ibi tí ẹja lè sá pamọ́ sí. Fún ilẹ̀ náà, èèpo àgbọn tí wọ́n gún ló dára jù, ó sì kún ìlú wa fọ́fọ́. Ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ títí kò fi ní pupa mọ́. Èyí á ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ àti ìkarawun nínú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Yanrìn odò tí ẹ fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ ni kẹ́ ẹ dà sísàlẹ̀ omi.

Àwọn èèyàn máa ń sin pọ́ǹpù sẹ́yìn òkúta, wọ́n á fi fóòmù bò ó kó lè lẹ́wà. Ọjọ́ tó bá dí ni wọ́n máa tú gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi í sínú àpótí ike oníhò ní igun kan, kí ẹ dì fóòmù yí i ká, kí ọ̀nà wà láti fa á jáde láti òkè. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Hmax lára páálí: ibi gíga tí omi rẹ̀ lè dé kó tó dúró nìyẹn. Bí omi yín bá fẹ́ máa jábọ́ láti 80 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ra èyí tí Hmax rẹ̀ tó mítà 1.5 sókè.

Kí wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gùn ún, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Breaker 30 mA kì í ṣe ohun tí a ń fi dù owó.

Àyẹ̀wò: Ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ wá pa á lójijì, bí Nẹ́pà ṣe máa ń ṣe. Omi tó wà nínú róbà àti ní òkè máa padà wá sísàlẹ̀. Ṣé kò kọjá ìlà 40? Ṣé róbà kò sì fa omi padà lọ síbi tí kò yẹ? Bí iná ìlú yín bá máa ń lọ fún wákàtí púpọ̀, ẹ so pọ́ǹpù mọ́ inverter kékeré. Kòkòrò rere inú fóòmù tó ń sọ ìgbẹ́ ẹja di aláìléwu nílò omi tó ń ṣàn láti mí.

9. Ewéko, omi, ẹja

Money plant ń gba ibi gbogbo, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń fọ omi mọ́. Anubias ń dàgbà lórí òkúta tàbí igi. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ má sin ìdí rẹ̀. Ojú oró dára lójú omi bí ẹ bá ń ṣà á dín kù. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún á ti ilẹ̀kùn yín ṣí. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń bo ọ̀sà wa, ìyẹn water hyacinth, tó jẹ́ pé ọ̀sà Àgbádárìgì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà ní 1984, kò yẹ kó wọlé rárá, ohunkóhun tí ẹ bá sì gé kúrò nínú àpótí kò gbọ́dọ̀ padà sínú ọ̀sà.

Omi kànga tó sún mọ́ òkun lè ní iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Omi borehole tó ń fi ìpẹtà sára ike, ẹ fà á sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rú u mọ́jú, kí ẹ bu òkè rẹ̀ láìrú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ẹ tan pọ́ǹpù fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 pẹ̀lú ewéko àti oúnjẹ ẹja fún pọ́ díẹ̀ kí ẹja kankan tó wọ̀ ọ́. Bí tanwíjí bá yọ lásìkò yìí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì kó o kúrò. Ẹ má fín oògùn. Ẹja tó bá kọ́kọ́ wọlé, kó jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Pelvicachromis pulcher, tó jẹ́ ẹja gúúsù Nàìjíríà wa níbí, ń fẹ́ ihò tó lè wọ̀, kì í sì í dàgbà ju àpótí yìí lọ. Pantodon buchholzi ń gbé ojú omi, ó sì ń fò mú kòkòrò, torí náà kí ilẹ̀kùn òkè máa wà ní títì. Erpetoichthys calabaricus, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó lè mí afẹ́fẹ́, máa ń wá ihò jáde lóru. Ẹ dí gbogbo ibi tí wáyà gbà wọlé kí ẹ tó rà á. Ẹja àrọ̀ kì í ṣe ti ibí, ó ń dàgbà jù. Alákàn náà á fi èékánná gé ewéko, á sì mú ẹja jẹ.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù. Níbi tó bá rọ̀, ẹ gbọ́n omi lọ́jọ́ náà gan-an.